Páì Oníwàrà fún Ìṣínu

Òórùn bọ́tà tó ń jóná ló kọ́kọ́ sọ fún Fawziyah pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn ààrò gáàsì, ó fi àkísà méjì fa àwo pẹrẹsẹ náà jáde, ó sì rí ohun tí imú rẹ̀ ti rò fún un. Àwọn páì náà ti sùn gbalaja sínú ọ̀rá. Èyí tó yẹ kó là sí ìpele ìpele, kó gbéra sókè, kó sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ àwo. Ìdí rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ funfun.

"Ó ti jó?" Àlàájà Sàdíátù, ìyá ọkọ rẹ̀, béèrè láti orí àpótí tó gbé sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Kò jó, Màmá. Bọ́tà ló yọ́ kúrò nínú rẹ̀."

"Bọ́tà yọ́, ìdí sì dúdú. Kí lẹ wá ń pe ìyẹn ní tiyín?"

Fawziyah gbé àwo náà kalẹ̀, ó fi apá aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. Ooru inú kíṣìnnì náà tó fi se ẹyin. Wọ́n ti mú iná lọ láti òwúrọ̀, fíríìjì ti di àpótí lásán, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jẹ́ páì onípele yìí, ọ̀tá ooru ni. Èèyàn á na ìyẹ̀fun tó ti pò, á tẹ́ bọ́tà tútù sínú rẹ̀, á ká a, á tún nà án, á tún ká a, á sì máa gbé e sínú òtútù láàárín, kí bọ́tà má bàa yọ́ wọnú ìyẹ̀fun. Bọ́tà tó bá ti yọ́ kó tó dénú iná, ìpele tán nìyẹn. Fawziyah mọ èyí dáadáa. Àwọn tó ń mú iná lọ ni kò mọ̀ ọ́n.

Tí ó bá jẹ́ pé jíjẹ ẹnu lásán ni, ì bá kó gbogbo rẹ̀ dànù, kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ìṣínu ni. Ní agboolé bàbá ọkọ rẹ̀ ní Òkè Gada, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú oṣù ààwẹ̀ tí yóò gbé oúnjẹ lọ fún àwọn àgbàlagbà ní mọ́sáláṣí agboolé, òní sì ni ọjọ́ ilé Salman, ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí Fawziyah ti wọlé ọkọ, Màmá ló máa ń din àkàrà, òun ló máa ń po ògì, òun náà ni wọ́n sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Fawziyah kò ju kó ru abọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn lọ. Lọ́dún yìí ló wá la ẹnu láàárín àwọn ìyàwó ilé, ó ní kí Màmá sinmi, òun nìkan ni yóò ṣe é, kì í sì í ṣe àkàrà. Páì ni, onípele, tí wàrà dídùn yóò kún inú rẹ̀.

Ìyá Qúdrát, àgbà ìyàwó tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wàrà oníṣúgà? Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí i." Àwọn yòókù náà bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ẹyẹ ọ̀hún ló wà ní kíṣìnnì yìí lónìí tó ń làágùn.

Ká ní páì nìkan ni, ì bá sàn. Ní ìdájí, lẹ́yìn tí òun àti Salman jẹ sààrì tán, Fawziyah wọ ilé ìwẹ̀, ó sì rí i pé nǹkan oṣù òun ti dé. Ó ti pẹ́ kó tó dé lóṣù yìí, ó pẹ́ dé ibi tí òun àti Salman fi ń wo ara wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìsọ̀rọ̀. Ọdún kẹrin tí wọ́n ti ṣègbéyàwó nìyí. Ó jókòó sórí korobá tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé, ó bo ẹnu rẹ̀ kí Salman má bàa gbọ́ ẹkún, ó bọ́ ojú rẹ̀, ó sì jáde lọ po ìyẹ̀fun. Kò sọ fún Salman kó tó lọ síbi iṣẹ́ ní Òṣogbo. Ó ní tí òun bá ti parí páì, tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán, òun á sọ.

Kò mọ̀ pé Salman ti sọ tirẹ̀. Òwúrọ̀ ò tíì gòkè tán tí ọ̀kadà kan fi já Màmá sílẹ̀ níwájú ilé wọn lọ́nà Sẹ́kọ́nà. Ó gbé ìrọ̀rí kékeré kan dání.

"Mi ò wá dí ọ lọ́wọ́ o, ìyàwó mi," ló ń wí bó ṣe ń bọ́ bàtà. "Mo kàn fẹ́ jókòó tì ọ́ ni. Ẹni tó wà nípò tí o wà kì í gbé nǹkan tó wúwo. Má dá mi lóhùn. Salman ti sọ fún mi."

Bí Màmá ṣe di ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì nìyẹn. Nǹkan oṣù ò jẹ́ kí Fawziyah lè gbààwẹ̀ tàbí kírun, òfin ẹ̀sìn sì ti yọ̀ǹda pé kó jẹun, kó mumi. Ṣùgbọ́n tó bá fi omi kan ẹnu níṣojú Màmá, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Nítorí náà, ebi ń pa á, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì ń gba ààwẹ̀ tí kò ní láádá. Nígbà tí ìrun Àílà tó, ó wọ yàrá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn á fi kírun tán, ó sì jáde padà. Kò tẹ́ ẹní, kò forí kanlẹ̀, torí kò tó ẹni tó ń fi ìrun ṣeré. Síbẹ̀, ojú tì í.

Kì í ṣe pé Màmá burú. Ká sọ òótọ́, Màmá ò bú u rí. Kò sọ ọ́ lówe, kò sọ ọ́ láròfọ̀. Àdúà ló ń ṣe, àgbo ló ń sè wá, ojú àánú ló fi ń wò ó, ojú náà sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ikùn rẹ̀ kó tó kúrò lára rẹ̀. Àánú yẹn gan-an ló sú Fawziyah. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lónìí, kí wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyàwó Salman mà dùn o," kí ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "èèyà." Ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Ó ṣí kúlà. Ìyẹ̀fun tó kù wà níbẹ̀, ó fi náílọ̀n wé e láàárín yìnyín tí òun fúnra rẹ̀ lọ rà ní Àkódà. Yìnyín ọ̀hún ti ń di omi. Ó fọwọ́ tẹ ìyẹ̀fun náà, ó ṣì tutù díẹ̀. Ó da díẹ̀ nínú yìnyín náà sínú àwo ńlá, ó gbé àwo pẹrẹsẹ kan lé e lórí, ó tẹ́ apá kan ìyẹ̀fun náà sórí rẹ̀, ó dá ìyókù padà sínú kúlà, ó mú ìgò tó fi ń nà án, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú.

"O tún fẹ́ ṣe òmíràn?" Màmá béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èyí tó bàjẹ́ yẹn kò ju ìdajì lọ."

"Ṣé kí n sáré dáná àkàrà ni? Ẹ̀wà wà nílé mi."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá."

"Mi ò ní o ò lè ṣe é o. Mo kàn ní oòrùn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n bá pe ìrun Màgàríbì, kò sẹ́ni tó máa bi wá bóyá bọ́tà yọ́ ni."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ìgò ń lọ, ìgò ń bọ̀. Ó na ìyẹ̀fun náà gùn bí aṣọ ìnura, ó ká a ní ẹ̀kámẹ́ta, ó yí i, ó tún nà án. Ibì kan ya díẹ̀ létí, bọ́tà yọ ojú. Fawziyah pòṣé. Ó bu ìyẹ̀fun gbígbẹ lé ibẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á. Inú ń bí i sí iná, ó ń bí i sí ooru, ó ń bí i sí ara rẹ̀ tó dá oṣù dúró tó tún wá já a sílẹ̀ ní ọjọ́ tó yẹ kó fi í lọ́kàn balẹ̀. Èyí tó bí i nínú jù ni Salman. Kí ló dé tí ọkùnrin ò lè pa ẹnu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré?

Lẹ́yìn rẹ̀, wàrà wà nínú abọ́, tó ti fọ́ dáadáa, tó sì ti po ṣúgà, mílíìkì àti pupa ẹyin mọ́ ọn. Ó ti rin èèpo ọsàn díẹ̀ sí i pẹ̀lú, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Màmá na ọrùn wò ó.

"Wàrà yìí, o ti tọ́ ọ wò?"

"Ààwẹ̀ ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Mo kàn bi ọ́ ni. Ọbẹ̀ téèyàn ò tọ́ wò, ìpayà ni."

"Mo mọ ìwọ̀n ṣúgà rẹ̀. Mo ti ṣe é rí kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó dùn." Fawziyah wá dá a bí ọgbọ́n. "Ṣùgbọ́n Lẹ́mọ́mù ní ẹni tó ń dáná lè fi etí ahọ́n kàn án, kó sì tutọ́ dànù. Wọ́n ní kò ba ààwẹ̀ jẹ́."

Màmá mi orí. "Lẹ́mọ́mù lè ní ìmọ̀ o. Èmi ò gbọ́ tìyẹn. Ẹnu tó ń gbààwẹ̀, kó gbààwẹ̀. Ẹnu tí kò gbààwẹ̀, kó jẹun. Mi ò mọ ohun tó wà láàárín méjèèjì." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn náà sì dùn. "Ìwọ ni mò ń bá wí láti àárọ̀, ìyàwó mi. Ta ló ní dandan kí o gbà á? Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláboyún. Ṣínu, kí o jẹun fún ẹni tó wà nínú rẹ. O ó wá tipa bẹ́ẹ̀ tọ́ wàrà rẹ wò. Èmi ò ní wò ọ́ ní ìwòkuwò."

Fawziyah tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun. Ìdẹkùn ló kó sí yìí. Tó bá tọ́ wàrà wò, ó ti gbà pé òun lóyún nìyẹn, irọ́ tí yóò dé Òkè Gada kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí kò bá tọ́ ọ wò, kò mọ ohun tó fẹ́ gbé síwájú àwọn àgbà. Ó sì ní láti mọ̀, torí wàrà àárọ̀ yìí ti ń kọ ọ́ lóminú láti ìgbà tó ti ń fọ́ ọ. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Mo lè gbà á dé Màgàríbì, Màmá," ló rí sọ.

"Ó dáa. Orí kunkun rẹ náà lọmọ yẹn máa ní."

Màmá dìde, ó di ìdí mú, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ bu omi sínú kẹ́tù tí yóò fi ṣe àlùwàlá. Fawziyah tẹ́tí. Ó gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ tó ń jìnnà. Kíá ló mú ṣíbí, ó ki í bọ inú wàrà, ó gbé e dé ẹnu. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù rẹ̀ figbe ta lórí fíríìjì.

"Ta nìyẹn?" Màmá ké láti ẹ̀yìnkùlé. "Ṣé Salman ni?" Ìró bàtà tún ti ń padà bọ̀.

Ṣíbí padà sínú abọ́. Fawziyah já fóònù gbà bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ.

"Salman, kí lo sọ fún Màmá?" ló sọ lábẹ́lẹ̀.

"Kí lo ní? Páì ńkọ́?"

"Mo ní kí lo sọ fún ìyá rẹ."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ní kó máa fi ẹ́ sí àdúà, pé ó ti pẹ́ díẹ̀ lóṣù yìí. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?"

"O ò ṣẹ̀. O ṣeun." 

"Fawziyah, ṣé kò sí wàhálà?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, Màmá ti dúró síbẹ̀, kẹ́tù lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyá tó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀ ìfẹ́.

"Kò sí," Fawziyah dáhùn. "Tètè máa bọ̀." Ó pa fóònù.

"Bá mi kí i," ni Màmá wí, ó sì padà sẹ́yìnkùlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀bá ojú wíńdò kíṣìnnì ló bẹ̀rẹ̀ sí, tó ń ṣe àlùwàlá, tí òun àti Fawziyah lè rí ojú ara wọn. Fawziyah fẹ́ kígbe. Ó mú ìgò, ó na ìyẹ̀fun náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó gé e sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Ó kù kó di wàrà sínú rẹ̀ báyìí, kó sì gbé e sínú iná. Yìnyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sí àyè mọ́ fún ẹni tó ń ronú.

Wọ́n pe ìrun Alásárì ní mọ́sáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Màmá wọlé, omi ń kán ní ìgúnpá rẹ̀. Ó ti ká ẹní méjì sábẹ́ apá.

"Ó yá, ìyàwó mi. Lọ ṣe àlùwàlá kí a jọ kí i. Láti ọjọ́ yìí, èmi àti ìwọ ò tíì kírun pọ̀ rí."

"Ẹ máa kí i ná, Màmá. Ìyẹ̀fun yìí á yọ́."

"Páì ò tó ìrun. Jẹ́ kó yọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Àní kí ni? Kí la ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ná? Ṣé kì í ṣe ohun tó wà lára rẹ yìí la ó lọ dúpẹ́ lé lórí? Èmi á ṣe lẹ́mọ́mù, ìwọ á dúró lẹ́yìn mi." Màmá tẹ́ ẹní kan sílẹ̀ ní pálọ̀, ó tẹ́ ìkejì sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nà án kó tọ́.

Fawziyah wo ẹní kejì yẹn. Irọ́ tí èèyàn ò fẹnu pa ṣì ṣeé gbé ka àyà, ó ti gbé irú rẹ̀ láti ìdájí. Ṣùgbọ́n kó dúró lẹ́yìn obìnrin yìí, kó fi ara tí kò mọ́ forí balẹ̀, kó sì ṣe àmín sí ọpẹ́ ọmọ tí kò sí! Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó mú ṣíbí. Ó bu wàrà kún un, kò tẹ́tí, kò wo ẹ̀yìn, ó gbé e sẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́ níṣojú Màmá.

Iyọ̀ ni. Iyọ̀ gidi ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe díẹ̀. Ṣúgà ń jà lókè, iyọ̀ ń jà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì sọ ẹnu rẹ̀ di ojú ìjà. Ó rántí ìyá Fúlàní tó gbé wàrà wá láti ìhà Alájué lọ́wọ́ àárọ̀. Nínú oṣù ààwẹ̀, gbogbo ẹni tó ń ra wàrà ló ń din ín fún ìṣínu, nítorí náà àwọn ìyá náà kì í dúró kí èèyàn sọ fún wọn, wọ́n á ti rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ mọ́jú. Oore ni wọ́n ń ṣe. Ta ló ń fi ṣúgà sínú wàrà? Gbogbo ìgbà tí Fawziyah ti ń ṣe é, ààwẹ̀ ò tíì dé. Kò rò ó, kò sì béèrè.

"Alhamdulilahi!" Màmá pàtẹ́wọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó jẹun! Ọlọ́run ṣeun, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Jẹ ẹ́ dáadáa, ìyàwó mi. Mu omi sí i. Tí o bá ti ṣe tán, wá, ká kírun wa."

"Iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, Màmá."

"A ó ṣe é. Wá kírun ná."

"Mi ò lè kírun, Màmá."

Obìnrin kan kì í ṣàlàyé gbólóhùn yẹn fún obìnrin mìíràn. Ẹ̀rín ṣì wà lójú Màmá fún ìgbà díẹ̀, bóyá nítorí pé kò tíì rí ibi gbé e sí. Lẹ́yìn náà, ó kúrò.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìdájí."

"Salman mọ̀?"

"Kò mọ̀. Èmi ni màá sọ fún un."

Màmá wo apá rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ó yí padà, ó ká ẹní kejì, ó fi í lé orí àga, ó sì dúró sórí tirẹ̀. Fawziyah gbọ́ "Allahu akubaru" rẹ̀, ohùn náà rẹlẹ̀ ju ti Àílà lọ. Nígbà tó forí balẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

Fawziyah ò sunkún. Ó kọ́kọ́ rò pé òun á sunkún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nílẹ̀. Èyí tó ti po ṣúgà mọ́ kò ní àtúnṣe, ó ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ ìdajì wàrà náà ṣì wà nínú omi rẹ̀. Ó fọ́ ọ sínú asẹ́, ó da omi gbígbóná lé e, ó fi ọwọ́ pò ó, ó fún un. Ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ṣì wà. Ó tún da omi lé e, ó tún fún un, ó tún tọ́ ọ wò. Ó ń tọ́ ọ wò bó ṣe wù ú, ó ń lá ìka rẹ̀, kò sì bo ẹnu mọ́. Nígbà tí iyọ̀ lọ tán, ó da ṣúgà sí i, ó rin èèpo ọsàn sí i. Ó wá ń dùn bọ̀ wàyí. Ó bù ú sáàárín ìyẹ̀fun, ó ká a. Ó ti àwo sínú iná.

Màmá ṣe sàlámà, ìrun tán, ṣùgbọ́n kò dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí kíṣìnnì tó fi sọ̀rọ̀.

"Mo ti sọ fún Ìyá Qúdrát."

Fawziyah dúró.

"Mo sọ fún un lánàá lẹ́yìn ìrun àṣámù," Màmá ń bá a lọ. "Inú mi dùn jù ni. Kò sì ní í pa á mọ́ra. Kí ni kí n wá sọ fún wọn báyìí?"

Fawziyah kọjú sí i. "Ẹ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ ò bi mí kí ẹ tó sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí. Salman ò bi mí, ẹ̀yin náà ò bi mí, gbogbo yín lẹ ti jọ lóyún náà fún mi." Ohùn rẹ̀ ti ń ga, ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ó sú mi. Èmi fúnra mi ni màá gbé oúnjẹ yìí dé Òkè Gada lónìí. Ẹni tó bá wo ikùn mi, màá ní kó wo páì. Ẹni tó bá bi mí, màá dá a lóhùn."

Màmá rọra dìde, ó ká ẹní rẹ̀. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyàwó ilé kì í bá ìyá ọkọ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fawziyah kúnlẹ̀ díẹ̀, ìdajì ìkúnlẹ̀, ó ń retí ohun tó ń bọ̀.

"Láti ìdájí," ni Màmá wí, "kí lo jẹ?"

"Màmá?"

"Mo ní kí lo jẹ. Tó o bá yọ ṣíbí wàrà oníyọ̀ kúrò."

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Omi ńkọ́?"

"Mi ò mu ún."

"Nínú ooru yìí." Màmá pòṣé, ìpòṣé gígùn kan tó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bínú sí. "Èmi ni mò ń gbààwẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìwọ, ta lò ń gbà á fún?"

Màmá kọjá lára Fawziyah, ó ṣí ìkòkò sààrì tó wà lórí tábìlì, ó bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ tútù sínú abọ́, ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù ńlá, ó gbé gbogbo rẹ̀ ka orí àpótí tí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó lé láti àárọ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jókòó."

Ó jókòó. Omi ló kọ́kọ́ mu, ó mu ún tán láìmí. Ìgbà tó fi òkèlè ìrẹsì àkọ́kọ́ sẹ́nu ni omijé wá dé, ó ń jẹun ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń ṣàn, kò sì dáwọ́ dúró. Màmá ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti ṣí kúlà, ó ti gbé ìyẹ̀fun tó kù jáde, ó ti mú ìgò, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tagbára tagbára bí ẹni tó ń lọ ata lórí ọlọ.

"Màmá," ni Fawziyah wí, ìrẹsì kún ẹ̀kẹ́ rẹ̀, "ẹ má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Bọ́tà á yọ jáde. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni."

"Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báwo? Báyìí?"

"Rárá. Ẹ jẹ́ kí n dìde kí n—"

"Jókòó síbẹ̀. Fi ẹnu kọ́ mi."

Fawziyah gbé ìrẹsì ẹnu rẹ̀ mì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Màmá bí wọ́n ṣe ń nà án.